BÍ A ṢE Ń MÚ PROCESSOR KỌ̀ǸPÚTÀ SÁRÉ KỌJÁ ÌWỌ̀N RẸ̀ LÁÌBÀ Á JẸ́

A kọ ẹ̀kọ́ yìí nítorí ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ wa tí ó ti dàgbà díẹ̀ ń bèèrè lemọ́lemọ́. Wọ́n gbọ́ pé ènìyàn lè mú kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ sáré bí tuntun láìra ohunkóhun, pé kí á sáà yí nọ́ńbà díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ju ìdajì òótọ́ lọ. Ìdajì kejì ni pé nọ́ńbà kan náà tí ó mú un sáré lè jó o, ó sì lè ba iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ kí ẹni tí ó ni ín mọ̀. Nítorí náà ni a fi rí i pé ó sàn kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀nà tí ó tọ́, ju kí wọ́n lọ máa dán an wò ní òru lórí kọ̀ǹpútà bàbá wọn.

A pín ẹ̀kọ́ náà sí ìpín mẹ́fà, kí ó lè rọrùn láti há sórí.

ÌPÍN KÌN-ÍN-NÍ: ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ni overclocking. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: ọ̀kan túmọ̀ sí ìkọjá, èkejì túmọ̀ sí aago. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè ni kí á mú aago sáré kọjá ìwọ̀n. Ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni kí á mú kí processor máa ṣiṣẹ́ ní ìyára tí ó ju èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fọwọ́ sí lọ.

Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìṣirò ibẹ̀ ni ó ti ń wáyé. Aago kan wà tí ń lù fún un bí ìlù. Bí ìlù náà bá ti dún ni processor ń gbé ẹsẹ̀. Iye ìgbà tí ó ń dún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń pè ní hertz. Mílíọ̀nù kan ìgbà ni 1 MHz, bílíọ̀nù kan ìgbà sì ni 1 GHz. Intel 4004 tí ó jáde ní ọdún 1971 kò tó 1 MHz. Àwọn ti òde òní ń kọjá 5 GHz.

Nọ́ńbà méjì ni a ń sọ di púpọ̀ kí á tó rí ìyára yìí. Èkíní ni ìyára ìpìlẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ 100 MHz. Èkejì ni iye ìgbà tí a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní multiplier. Bí multiplier bá jẹ́ 33, 33 lọ́nà 100 yóò fún wa ní 3,300 MHz, èyí tí í ṣe 3.3 GHz. Bí a bá gbé e sí 42, ó di 4.2 GHz. Ẹni tí ó bá yé èyí ti mọ orí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan tí ó lókìkí hàn. Ní ọdún 1998, Intel gbé processor olówó pọ́ọ́kú kan jáde tí ń jẹ́ Celeron 300A. Ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 66 MHz, multiplier rẹ̀ sì jẹ́ 4.5, ni ó fi jẹ́ 300 MHz. Wọ́n ti ti multiplier rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbé ìyára ìpìlẹ̀ láti 66 sí 100, ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá ń sáré ní 450 MHz, bí èyí tí owó rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Bí ẹnì kan bá wí pé: "Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi kọ 450 sí i lára láti ìbẹ̀rẹ̀?" a ó fèsì pé: orí àwo kan náà ni wọ́n ti ń gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ processor, ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá kan náà kì í ti í rí bákan náà ni wọn kì í rí bákan náà. Ọ̀kan lágbára, èkejì kò lágbára tó o. Ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà tí gbogbo wọn lè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ilé tí ó gbóná àti èyí tí ó tutù. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ni ẹni tí ń ṣe overclocking ń wọ̀. Nítorí náà, pé ti ọ̀rẹ́ rẹ dé 4.5 GHz kò sọ pé tìrẹ yóò dé ibẹ̀.

ÌPÍN KEJÌ: OHUN TÍ Ó Ń NÁ NI

Ìyára yìí ní owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, ooru sì ni owó náà. Iná tí processor ń jẹ máa ń pọ̀ sí i bí ìyára bá ṣe pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìyára bá ga, processor sábà máa ń bèèrè fóltéèjì sí i kí ó tó lè dúró, ti fóltéèjì sì le ju ti ìyára lọ: a gbọ́dọ̀ sọ àfikún rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí á tó mọ ohun tí yóò jẹ.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Processor kan wà ní 3.3 GHz pẹ̀lú fóltì 1.20. A gbé e sí 4.2 GHz, ó sì bèèrè fóltì 1.30. Bí a bá fi 3.3 pín 4.2, a ó rí 1.27. Bí a bá fi 1.20 pín 1.30, a ó rí 1.083, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 1.17. Wá sọ 1.27 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.17, ó di 1.49. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyára fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀, ṣùgbọ́n iná àti ooru fi ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀. Iṣẹ́ tí ń gba 60 ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ yóò parí ní nǹkan bí 47, bí ó bá jẹ́ pé processor nìkan ni iṣẹ́ náà gbọ́kàn lé.

Ohun kejì tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé fáànù kò lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí àwọn ọmọ wa ń rí wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, inú yàrá tí ó tutù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí yàrá tiwọn bá jẹ́ 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí tiwa sì jẹ́ 33 ní ọ̀sán oṣù kẹta, kọ̀ǹpútà kan náà yóò fi nǹkan bí 11 gbóná ju tiwọn lọ. Ẹni tí ó bá kó nọ́ńbà wọn láìka ooru ilẹ̀ wa sí ti ṣi ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌPÍN KẸTA: ÀWỌN MÁJẸ̀MÚ TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ PÉ KÍ Á TÓ BẸ̀RẸ̀

Májẹ̀mú méje ni. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kí á má ṣe é.

1. Kí kọ̀ǹpútà náà jẹ́ tìrẹ, tàbí kí ẹni tí ó ni ín ti yọ̀ǹda fún ọ lẹ́yìn tí ó mọ ewu rẹ̀. Overclocking lè fòpin sí wárántì. Kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ ọjà ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, tàbí ti ilé-ìwé, kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ṣẹ́.

2. Kí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Laptop kò ní àyè tí ooru yóò gbà jáde tó.

3. Kí processor náà jẹ́ èyí tí a kò ti multiplier rẹ̀ pa. Lọ́dọ̀ Intel, àwọn tí lẹ́tà K wà ní ìparí orúkọ wọn ni, bí Core i5-2500K. Lọ́dọ̀ AMD, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú Ryzen orí tábìlì ni ó ṣí, àyàfi díẹ̀, bí Ryzen 7 5800X3D.

4. Kí motherboard gbà á. Ti Intel tí ó gbà á ni àwọn tí orúkọ chipset wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z, àti P67 ti ọdún 2011. Ti AMD ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B tàbí X, bí B450 àti X570. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń rà níhìn-ín jẹ́ èyí tí ọ́fíìsì òkè òkun ti lò, bí Dell OptiPlex. Wọ́n dára fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ pé òun yóò fi overclocking mú irú rẹ̀ sáré, bi í ní ìbéèrè dáadáa.

5. Kí ohun tí ń mú un tutù wà ní ipò tí ó dára. Irin olójú pẹrẹsẹ tí fáànù wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní heatsink, máa ń kún fún eruku, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Yọ iná, fi búrọ́ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n, kí o sì di fáànù mú kí ó má baà yí. Ọ̀dà tí ó wà láàárín irin náà àti processor, tí ń jẹ́ thermal paste, máa ń gbẹ bí ó bá pẹ́. Nu ti àtijọ́ kúrò, kí o sì fi tuntun tí ó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan sí i.

6. Kí iná tí ń wọlé ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Power supply tí kò ní láárí lè kú, kí ó sì mú motherboard dání. Bí iná tí ń lọ sókè sódò bá ń wọlé tààrà, tàbí iná jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró, o kò ní lè mọ̀ bóyá processor ni ó dákú tàbí iná ni ó fà á. Kí UPS wà láàárín wọn.

7. Kí o ti da gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, kí o sì ti dán an wò pé ó ṣeé ṣí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, kí ó pa ìwé yìí dé ná.

ÌPÍN KẸRIN: BÍ A ṢE Ń ṢE É

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Core i5-2500K ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó jáde ní ọdún 2011, core mẹ́rin ni ó ní, 3.3 GHz ni ìyára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè gòkè dé 3.7 GHz bí ó bá jẹ́ pé core kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti di arúgbó, ìdí nìyẹn tí ó fi dára láti fi kọ́ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Mọ ibi tí o ti ń bọ̀. Má tíì yí ohunkóhun padà. Lo HWiNFO tàbí Core Temp láti wo ooru, kí o sì lo Cinebench láti wọn ìyára. Kọ èsì méjèèjì sínú ìwé, pẹ̀lú ooru yàrá àti déètì. Bí ooru bá ti kọjá 80 kí o tó bẹ̀rẹ̀, padà sí májẹ̀mú karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wọ inú BIOS. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, máa tẹ Delete tàbí F2. Bí o bá fẹ́ fi BIOS tuntun sí i, kí ó jẹ́ orí UPS tí bátìrì rẹ̀ kún. Bí iná bá lọ nígbà tí ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, motherboard lè má jí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fi ìyára ìpìlẹ̀ sílẹ̀ ní 100. Nínú irú processor yìí, aago kan náà ni ó ń darí àwọn ẹ̀yà mìíràn, àti ọ̀nà tí ó lọ sí ibi ìkópamọ́. Bí o bá gbé e sókè, iṣẹ́ inú díìsìkì lè dàrú. Multiplier nìkan ni kí o fọwọ́ kàn. Fi ìyára mẹ́mórì náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fi fóltéèjì sí nọ́ńbà kan pàtó, bí 1.20. Má fi í sílẹ̀ ní Auto, nítorí motherboard mìíràn máa ń da fóltéèjì lé e ju bí ó ti yẹ lọ bí ó bá ti rí i pé o gbé ìyára sókè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gbé multiplier sí 36 fún gbogbo core. Tọ́jú rẹ̀, jẹ́ kí Windows jí, kí o sì fi Cinebench tàbí OCCT dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ojú rẹ má kúrò lára ooru. Bí ó bá dúró, gbé e sí 37. Bákan náà títí lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ohun méjì padà pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ kan yóò dé tí kọ̀ǹpútà yóò dákú, tí ojú rẹ̀ yóò di aláwọ̀ búlúù, tàbí tí ìdánwò yóò sọ pé ìṣirò ṣì. Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà ọ́, ibẹ̀ ni òpin agbára rẹ̀ lórí fóltéèjì yẹn. Ọ̀nà méjì ni ó wà: kí o padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan kí o dúró níbẹ̀, tàbí kí o fi fóltì 0.02 kún un, kí o tún dán an wò. Fún processor yìí, ìmọ̀ràn wa ni pé kí o má kọjá fóltì 1.35, kí ooru náà má sì kọjá 80 nínú ìdánwò. Processor yóò fúnra rẹ̀ dẹ eré rẹ̀ bí ooru bá súnmọ́ 100, ṣùgbọ́n ìdáàbòbò ìkẹyìn nìyẹn, kì í ṣe ibi tí a ń gbé.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí o bá ti rí ibi tí ó dúró, padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan sí i. Fi Prime95 tàbí OCCT dán an wò fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, ní ọ̀sán tí ooru mú, kì í ṣe ní òru. Lẹ́yìn èyí, tún Cinebench ṣe, kí o fi èsì rẹ̀ wé ti ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ tí ó nílárí, dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá jí mọ́ rárá ńkọ́? Pa á, yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tí ó kù lè jáde, kí o sì yọ bátìrì róbótó tí ń jẹ́ CR2032 lórí motherboard fún ìṣẹ́jú márùn-ún. BIOS yóò padà sí bí ó ti wà. Kọ́ èyí kí o tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ṣẹlẹ̀.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: ÀWỌN OHUN TÍ Ń BÀ Á JẸ́

Àkọ́kọ́ ni fóltéèjì tí ó pọ̀ jù. Ooru a máa rọ̀ bí a bá pa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí fóltéèjì dá sí ara processor kì í jiná. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti rí i. Ní ọdún 2023, Ryzen 7000 mélòó kan jó mọ́ ara motherboard nítorí fóltéèjì ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ SoC ga jù. AMD sì pàṣẹ pé kí ó má kọjá 1.30. Ní ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tí ó pọ̀ jù ń ba díẹ̀ nínú processor orí tábìlì ìran 13 àti 14 wọn jẹ́. Wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ nípasẹ̀ BIOS ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wárántì wọn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ni kí ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sókè máa rò?

Èkejì ni ìṣìṣe tí kò pariwo, òun ni ó sì burú jùlọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni processor tí a ni lára máa ń dákú. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣi ìṣirò kan nínú ẹgbàágbèje, yóò sì kọ èsì tí kò tọ́ sínú díìsìkì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìwé tí o kọ yóò kọ̀ láti ṣí, àwòrán yóò gé sí méjì, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni o máa mọ̀. Ìdí nìyí tí ìdánwò wákàtí mẹ́rin kì í fi í ṣe àṣejù.

Ẹ̀kẹta ni ìlara. Àwọn kan gbé AMD FX-8150 dé 8.429 GHz ní ọdún 2011. Helium olómi, tí ó tutù kọjá yìnyín lọ́nà tí a kò lè fi wéra, ni wọ́n fi ń mú un tutù, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é láti fi gba ipò. Eré ìdíje ni ti wọn. Tìrẹ ni kọ̀ǹpútà tí yóò jí ní òwúrọ̀ ọ̀la.

ÌPÍN KẸFÀ: ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ Á ṢE É?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin òbí jùlọ. Láti ọdún 2008 ni Intel ti fi ohun tí ń jẹ́ Turbo Boost sínú Core i7, kí processor lè máa mú ara rẹ̀ sáré bí ààyè bá wà. Lónìí, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ryzen 5 5600X, fún àpẹẹrẹ, 3.7 GHz ni ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fúnra rẹ̀ gòkè dé 4.6 GHz. Àyè tí ó kù fún wa kéré gan-an, kò sì dà bí ti ọdún 1998 mọ́.

Bí iṣẹ́ ọmọ rẹ bá jẹ́ kíkọ ìwé lédè Lárúbáwá tàbí Yorùbá, tàbí kíka ẹ̀kọ́ ìdánwò, overclocking kò ní fi ohunkóhun kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni processor ń jókòó tí ó ń retí. Ohun tí ó ń fa kọ̀ǹpútà àtijọ́ sẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ díìsìkì tí ń yí. Bí a bá fi SSD rọ́pò rẹ̀, tí a sì fi kún mẹ́mórì bí ó bá kéré, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò hàn sí ojú gbogbo ará ilé, láìsí ewu kankan fún processor. Ẹni tí overclocking wúlò fún ni ẹni tí ń ṣe àtúntò fídíò, tàbí ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ńlá, tàbí ẹni tí ó fẹ́ mọ bí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ nínú.

Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ni a fẹ́ràn jù. Ọmọ tí ó bá fi sùúrù gun àkàbà yìí, tí ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un nínú iṣẹ́ mìíràn gbogbo. Bí òbí bá rí i pé ọmọ òun ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kí ó wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí májẹ̀mú pé sí lára fún un, èyí tí kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó fi kọ́ṣẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ̀kọ́ ni ó kú fún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Sọ ìtumọ̀ overclocking nínú èdè, àti lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà.
2. Bí ìyára ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 100 MHz, tí multiplier sì jẹ́ 39, GHz mélòó ni?
3. Ka májẹ̀mú méjèèje láìwo ìwé.
4. Processor kan kúrò ní fóltì 1.20 sí 1.32, ìyára rẹ̀ sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀. Ìdá mélòó ni ooru rẹ̀ yóò fi pọ̀?
5. Kí ni ìdí tí ìṣìṣe tí kò pariwo fi burú ju kí kọ̀ǹpútà dákú lọ?